Ọmọ Ẹrù

Bí Kátápílà bá gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta sórí, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Aláàárù ni, nílé ìkẹ́rùsí tó kọjú sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olówó. Ọrùn rẹ̀ nípọn ju ẹsẹ̀ erin lọ, àmọ́ kíláàsì kẹta ló ti fi ìwé sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré lè mú un làágùn kún garawa.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ríbi wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ sílé-ẹ̀kọ́ náà. Tíṣà yá a ní ìwé ìtàn kan, ti àwọn ọmọdé tó ń kọ́ idán lórí òkè, tí wọ́n ń fò kọjá àwọsánmà. Ahun ló tẹ ìwé ọ̀hún: kò fi àmì ohùn kankan sí i.

Nírọ̀lẹ́, Kátápílà jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe kan "ọmọ ẹru", ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, páànù ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí lọ.

"Ọmọ ẹrù! Màmá mi, àwa rèé! Wọ́n ti kọ aláàárù síwèé!"

"Bàbá, ẹ ti dé nìyẹn!"

"Wò ó, òun ló ń gbé àpótí àwọn yòókù gun òkè. Ta ló ń gbé àpótí bí kì í bá ṣe aláàárù?"

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà bi wọ́n léèrè ẹni tí kálukú fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn náà. Ọmọ Kátápílà gbáyà síwájú. "Èmi ni ọmọ ẹrù! Bàbá mi ló kà á fún mi."

"Ọmọ ẹrú ni, ọmọ mi," Tíṣà sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹrú tí wọ́n ń rà."

Kíláàsì dàrú. "Ọmọ ẹrú, wá gbé báàgì mi!"

Nígbà tí wọ́n jáde, Kátápílà ti dúró lẹ́nu géètì, sìmẹ́ńtì mú ara rẹ̀ funfun bí iwin. "Ọmọ ẹrù mi dà?" Ohùn rẹ̀ dé ìlú kejì. Àwọn ọmọ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni kọjá lára òpó iná.

Nílé, Kátápílà ṣí ìwé. "Ibo la dé?"

"Mo ti kà á tán fúnra mi. Ẹ ṣì í kà, Bàbá. Ẹrú ni." Ó ṣàlàyé àmì ohùn kan ṣoṣo tó ya ẹrú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù. Kátápílà tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí.

"Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé wọ́n padà kọ́ ọ nídán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ọba ni tẹ́lẹ̀. Ẹrú yẹn kì í ṣe bàbá rẹ̀, ó kàn tọ́ ọ ni."

"Ẹrú tó tọ́ ọ wá ńkọ́?"

Ọmọ Kátápílà ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Wọn ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́."