Dùùrù Tuntun Wa Fọ́jú

Dùùrù tuntun tí àwọn ọmọ ìjọ wa tó ń gbé ní Ìbàdàn rà fún ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Erunmu kò tíì lo ọjọ́ mẹ́wàá tí ojú rẹ̀ fi ṣú. Gíláàsì kékeré kan wà láàárín rẹ̀, níbi tí orúkọ ohùn tí èèyàn bá yàn ti máa ń yọ. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ń kọ orúkọ dáadáa. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ìdajì lẹ́tà ló ń yọ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Èmi ni mo ń tẹ dùùrù. Ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ náà lé ní ẹgbẹ̀ta, bí èèyàn kò bá sì rí ojú rẹ̀, àbá lásán ló ń dá. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí à ń kọ́ orin ìkórè, mo tẹ bọ́tìnnì kan, mo gbé ọwọ́ lé orin ìrònúpìwàdà, ni ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ibi tí mo bá fọwọ́ kàn, ajá ni.

"Fúnmi, ajá ta nìyẹn?" Màmá Àbíkẹ́, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn akọrin fi ìwé orin bo ojú, èjìká wọn ń mì.

Alàgbà Jonathan, ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin, kò rẹ́rìn-ín. Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́ta. "Àlòkù ni wọ́n nù dán tà fún wa!" Alàgbà fa fóònù yọ, wọ́n pe ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á ní Ọlọ́runṣògo, ní Ìbàdàn, gbogbo wa sì ń gbọ́ ohùn ọ̀gá náà.

"Ẹ má bínú, sà. Safwan, ọmọ iṣẹ́ mi, ló yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Yóò wá lọ́la. Bó bá jẹ́ pé bó ṣe bàjẹ́ nìyẹn tó fi gbé e fún yín, kó má padà sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

Èmi mọ ohun tí mo ṣe. Bíṣọ́ọ̀bù ló yẹ kí wọ́n ya dùùrù náà sí mímọ́ lọ́jọ́ ìkórè, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Ní ọjọ́ Ajé, mo dá wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìgò òróró àdúrà mi, mo ní kí Olúwa bùkún ìka mi, mo sì ta òróró sí dùùrù náà lójú. Díẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Nígbà tí àdúrà wọ̀ mí lára, ọwọ́ mi kò mọ ìwọ̀n mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún jẹ́ kí n sún mọ́ dùùrù?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Alàgbà, Màmá Àbíkẹ́ àti èmi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Safwan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé báàgì irinṣẹ́ kọ́ èjìká.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ káàárọ̀, màmá. Ẹ káàárọ̀, àǹtí."

"A kò pè ọ́ fún káàárọ̀," ni Alàgbà Jonathan wí. "Tú u, kí a rí ẹ̀tàn inú rẹ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó ń tú àwọn nọ́ọ̀tì tó de ìdí ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ pàdánù iṣẹ́ nítorí àdúrà tí mo gbà! Ó ku nọ́ọ̀tì méjì nígbà tí ẹnu mi là.

"Safwan, dúró. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ta òróró sí i."

Safwan wò mí, ó tú ìyókù, ó ṣí i, ó sì gbóòórùn.

"Àǹtí, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n eléyìí kì í ṣe òróró ẹnì kan. Eléyìí tó dín àkàrà."

Màmá Àbíkẹ́ wúkọ́. "Ẹ̀n... èmi náà kán díẹ̀ sí i ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nítorí àwọn ọmọ mi ni."

"Méjì nìyẹn," ni Safwan wí. "Ta ló kù?"

Alàgbà Jonathan ti gbójú sókè, wọ́n ń wo páànù òrùlé bí ẹni tó ń ka ìṣó.

"Alàgbà?" ni Màmá Àbíkẹ́ wí.

"Ìdajì ìgò ni," ni wọ́n fi ohùn kékeré sọ. "Ní Ọjọ́rú, mo wá parí rẹ̀."

Safwan jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwa náà kò lè mú un mọ́ra mọ́.

Ó fi òwú àti sípíríìtì nu inú rẹ̀ fínnífínní, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, ó lọ kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀bá ọjà. Nígbà tó dé, Màmá Àbíkẹ́ ti se iṣu àti ẹyin dè é. Ó jẹun tán, ó to ẹ̀rọ náà padà, ó tan iná sí i. Lẹ́tà yọ, ó mọ́ gaara, àfi igun kan tó ṣì dúdú díẹ̀.

Alàgbà Jonathan fúnra wọn ló pe ṣọ́ọ̀bù. "Ọ̀gá, àwa la ba dùùrù wa jẹ́. Ọmọ yín kò jẹ̀bi rárá, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá lé e, a ó gbà á síbí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ yàrá dùùrù tó wà lọ́wọ́ mi jáde, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn.

"Kí ni kí n fi ṣe?" ni wọ́n wí. "Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ òótọ́ nínú wa. Jókòó síbẹ̀, kí o tẹ orin fún àlejò wa."

Mo jókòó. Mo wo ojú gíláàsì náà dáadáa kí n tó fọwọ́ kàn án, mo sì bẹ̀rẹ̀ orin. Ọlọ́kadà ń fọn fèrè níta, Safwan sì ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó yọ orí sóde, ó ní kí ọkùnrin náà ṣe sùúrù, ẹsẹ orin kan ṣì kù.