Dígí Tuntun Lára Ọkọ̀ Àtijọ́

"Ìwọ Tìmùtìmù, ta ló ní kó o sọ̀ kalẹ̀?"

Ẹsẹ̀ awakọ̀ náà kan ti kan ilẹ̀, èkejì ṣì wà lórí àtẹ̀gùn irin tó ti dípẹtà. Ó gbójú sókè. Alábòójútó ń bọ̀ látinú eruku òkúta, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó sì na ìka ọwọ́ kejì bí ẹni tó fẹ́ fi yọ ojú èèyàn.

"Ọ̀gá, mo kàn fẹ́ yọjú wo iwájú ọkọ̀ ni. Kò ní pẹ́."

"Iwájú wo? Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi fẹ́ bó. Ọkọ̀ tó bá ti gbẹ́rù tán, kí awakọ̀ rẹ̀ máa lọ! Ṣé o ò rí àwọn tó tò sẹ́yìn ẹ ni? Padà sókè, jàre."

Ó padà sókè. Àwọn tó ń fọ́ òkúta nítòsí rẹ́rìn-ín, nítorí ó máa ń pọ́nkè náà bí ẹni tó ń gun àjà.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìgbádùn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Tìmùtìmù. Òun ò ga, típà tó fi ń kó òkúta sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òmìrán ni àwọn tó ṣe é láyé ọjọ́un rò pé yóò máa wà á. Ibi tí èjìká ẹni tó jókòó nínú rẹ̀ parí sí ni fèrèsé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Imú rẹ̀ gùn, ó tún fẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ibùsùn dí ojú fèrèsé. Tìmùtìmù méjì tí ìyàwó awakọ̀ náà rán fún un ló ń jókòó lé. Àwọn ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí ìyàwó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó tà á nígbà tí ebi wọlé. Pẹ̀lú tìmùtìmù méjèèjì náà, ẹni tó bá dúró ti imú ọkọ̀ yẹn ti wọnú ilẹ̀ lójú awakọ̀.

Dígí tó yẹ kó máa fi ìsàlẹ̀ hàn án ti já ọjọ́ ti pẹ́. Irin tó gbé e dúró nìkan ló kù, orí rẹ̀ sì ni wọ́n ń sá àkísà ìnujú sí. Bíréèkì ọwọ́ náà ti kú ní tirẹ̀. Nítorí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́rù, òkúta ńlá ni wọ́n fi ń há táyà iwájú kí ọkọ̀ má bàa yọ̀ lọ.

Tẹ́lẹ̀, ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó yọ òkúta náà, kó wo ọ̀tún wo òsì, kó sì juwọ́ sí awakọ̀. Alága tó ni ilé iṣẹ́ ìfọ́kùúta yìí ní irú iṣẹ́ ọ̀lẹ wo nìyẹn, ó ní kó máa lọ sílé ẹ̀. Ni alábòójútó bá pe opó kan tó ń ta omi tútù fún àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí gbogbo àgbàlá ń pè ní Olómi. Ó ní bó bá ṣì fẹ́ máa gbé kúlà rẹ̀ wọlé, kó máa bá wọn yọ òkúta. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ owó fún un. Obìnrin náà gbà. Kí ni ì bá ṣe?

Tìmùtìmù gbìyànjú. Ó lọ bá Alága níbi tó ti ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú jíìpù rẹ̀. Jíìpù tí adìẹ ò lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá kó má pariwo, tí yóò sì tún fi àwòrán adìẹ ọ̀hún han ẹni tó ń wà á.

"Ẹ dákun, sà, dígí kan ṣoṣo ni. N ò rí iwájú mi."

Alága rẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n tó bí ẹ lọkọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń wà á nígbà yẹn, ṣé ojú mẹ́rin ni wọ́n ní? Bó bá ti sú ẹ, sọ kí n mọ̀. Àwọn tó ń wá irú ẹ̀ kún ẹnu géètì."

Èyí kì í ṣe irọ́. Àwọn awakọ̀ tí kò níṣẹ́ kún ẹnu géètì lóòótọ́, wọ́n fi ọ̀rá wé ìwé àṣẹ ìwakọ̀ wọn kí òjò má bàa pa á. Tìmùtìmù náà ti dúró níbẹ̀ rí títí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ fi lu. Báyìí, oyún ìyàwó rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. Ó gbé ọ̀rọ̀ dígí mì. Òun àti Olómi wá ṣe àdéhùn tiwọn.

"Ìyá, bẹ́ ẹ bá ti yọ òkúta tán, ẹ máa rìn síwájú títí n ó fi rí ìborí pupa yín. Bí n ò bá tíì rí i, n ò ní mira."

"Ó ti yé mi, ọmọ mi. Bó o bá tẹ̀ mí pa, ta ni yóò máa fún ẹ lómi àwìn?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ìborí pupa yẹn ni dígí rẹ̀. Ara ọkọ̀ náà sì ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ kan: bí òkúta bá ti kúrò lábẹ́ táyà, típà á sọ̀ wọ̀ọ̀ díẹ̀ síwájú, bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Bó bá ti mí báyẹn, tí ìborí sì yọ, ó di kó máa lọ.

Lọ́jọ́ tí alábòójútó lé e padà sókè yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ sì rọ̀. Ohun tí Tìmùtìmù ò mọ̀ ni pé Olómi ti fi òkúta kékeré kan kún ńlá, kí táyà má bàa rì.

Ọkọ̀ mí kanlẹ̀. Ó nàgà lórí tìmùtìmù rẹ̀, kò rí ìborí. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè. Alábòójútó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Kí lò ń dúró dè?"

"Olómi ni, Ọ̀gá. N ò tíì rí i."

"Olómi ti lọ! Kò séèyàn kankan níwájú ẹ! Àbí kí n pe ẹlòmíì wọlé láti géètì?"

Ojú rẹ̀ wà lórí fóònù bó ṣe ń sọ ọ́. Tìmùtìmù sì rí i pé orí fóònù lojú rẹ̀ wà. Ohun tó rí yìí gan-an ni kò ní jẹ́ kó sùn mọ́ láyé rẹ̀. Ó ronú kan ìyàwó rẹ̀, ó ki jíà, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.

Típà náà gòkè díẹ̀, ó sì sọ̀. Tìmùtìmù rò pé òkúta ni. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ igbe àwọn obìnrin.

Nígbà tí wọ́n fa òkú Olómi jáde, òkúta kékeré náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Alága ní òun ò mọ obìnrin náà rí, ó ní ó ní láti jẹ́ pé ó yọ́ wọlé wá kiri omi ni. Alábòójútó ní òun pariwo "dúró, dúró" títí ohùn fi há òun. Ìyàwó Tìmùtìmù jókòó sórí ilẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ikùn níwájú, ó ń bẹ ẹni tó wọlé, ó ń bẹ ẹni tó jáde. Ọkọ rẹ̀ ń pariwo látinú túbú pé, "Ẹ lọ wo ọkọ̀ náà! Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣáà lọ wo ọkọ̀ náà!"

Wọ́n lọ wò ó lóòótọ́. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Tìmùtìmù lọ́wọ́, wọ́n mú un padà sí àgbàlá, ọ̀gá ọlọ́pàá kan sì bá a gòkè. Inú awakọ̀ náà ń dùn díẹ̀. Ó ti ń wá ohun tí yóò sọ nípa irin òfìfo yẹn.

Irin náà ò ṣófo mọ́. Dígí tuntun wà lórí rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ilé ìtajà ṣì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ kan. Ọ̀gá ọlọ́pàá na ọwọ́ sóde, ó ṣí ọ̀rá náà kúrò jẹ́jẹ́, ó ká a, ó fi í sápò.

"Dígí rèé," ni ó wí. "Kí ló dé tí o ò wò ó?"

Tìmùtìmù yí ojú sí dígí náà.

Nísàlẹ̀, alábòójútó pe obìnrin kan kó wá yọ òkúta, kí wọ́n lè sún ọkọ̀ náà wò. Obìnrin náà gbé kúlà Olómi kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tìmùtìmù rí i nínú dígí látòkè délẹ̀: ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, àti òkúta náà.

"Ṣó o rí i?" ni ọ̀gá ọlọ́pàá bi í.

"Mo rí i, sà."

"Ó dáa. Sọ̀ kalẹ̀."

Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí típà tó wà lẹ́yìn fọn fèrè. Irin òfìfo ló wà lára ìyẹn, wọ́n sá àkísà sí i. Obìnrin náà gbọ́, ó gbé kúlà rẹ̀, ó sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tìmùtìmù, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkọ̀ tó fọn fèrè náà.