Bí Ìkíni Ṣe Pa Mí Nínú Aṣálẹ̀

Ẹnu ìkíni ni mo wà nígbà àkọ́kọ́ tí mo kú níwájú bàbá àfẹ́sọ́nà mi.

Ẹ fọkàn balẹ̀, inú géèmù ni. Géèmù kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n máa ń já èèyàn sí àárín aṣálẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé kan àti òkúta kan, tí wọ́n á ní kó máa wá bí yóò ṣe yè é. Oòrùn á fẹ́ pa á, òǹgbẹ á fẹ́ pa á, òtútù òru á fẹ́ pa á, àwọn olè tí àwọn náà jókòó sí pálọ̀ wọn níbì kan láyé á sì fẹ́ pa á. Ẹni tó bá kú, gbogbo ohun tó kó jọ á ṣẹ́ kù sínú iyanrìn, yóò tún bẹ̀rẹ̀ látorí ṣòkòtò péńpé. Adùn wo ló wà níbẹ̀? Ẹ bi Bàbá.

Awakọ̀ ojú irin ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Tí irin bá yà, wọ́n á yà. Tí irin ò bá yà, kò sí ẹni tó lè ní kí wọ́n yà. Ìwà yẹn náà ni wọ́n gbé wọlé, òun náà ni wọ́n sì gbé wọ aṣálẹ̀. Ibi tí wọ́n bá kọjú sí, tààrà ni, ìbáà jẹ́ òkè, ìbáà jẹ́ kòtò. Síbẹ̀ wọ́n ti pẹ́ nínú géèmù yẹn. Wọ́n ti pàgọ́, wọ́n ti gbẹ́ kànga, wọ́n sì ní ràkúnmí kan tí wọ́n sọ ní Ọ̀gá Sítéṣọ̀n. Bí ẹni tí kì í yà ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú aṣálẹ̀, mi ò bi ara mi.

Èmi, onígbàjámọ̀ ni mí. Ọmọ wọn tí mo fẹ́ fẹ́, nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tó tó kí n lọ fojú hàn, ó ní, "Tí o bá jókòó ti bàbá mi, wọn ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀. Wá bá wọn nínú aṣálẹ̀." Bó ṣe di olùkọ́ mi nìyẹn. Tí oníbàárà bá ti lọ, á jókòó sórí àga tí mo fi ń gé irun, èmi á dúró ti ejìká rẹ̀, a ó máa wo fóònù.

"Má mú ọkùnrin gìrìpá yẹn," ó ní, nígbà tí mo fẹ́ yan ẹni tí màá jẹ́. "Omi tó ń mu ti pọ̀ jù. Mú eléyìí tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Ṣé kí n lọ bá àna mi bí igi ìṣáná ni?"

"Igi ìṣáná tó wà láàyè, ṣé kò sàn ju gìrìpá tó ti kú lọ?"

Ó kọ́ mi pé òwúrọ̀ ni èèyàn ń ṣa òkúta àti igi gbígbẹ, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Tí oòrùn bá ti wà lókè orí, kí n wá òjìji àpáta, kí n jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́. Omi tó bá pọ́n, kí n sè é kí n tó mu ún. Kí n má pàgọ́ sínú àfonífojì, torí òjò kan péré nínú ọdún tó láti gbé e lọ. Tí nǹkan bá ń dán lọ́ọ̀ọ́kán, ẹni tó gbé e síbẹ̀ wà nítòsí, ó sì ní igi lọ́wọ́. Tí ìjì iyanrìn bá dìde, ihò àpáta ni, kí n má sì yọjú títí yóò fi rọlẹ̀. Mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí bí a-b-d. Oníbàárà kan tó wá gé irun nítorí ìsìnkú, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rí omi nínú igi ẹlẹ́gùn-ún, ọkùnrin náà sì dúpẹ́ kó tó lọ sin òkú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò kọ́ mi, torí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni nílò rẹ̀: èèyàn kì í dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn aṣálẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Pálọ̀ wọn la wà lọ́jọ́ náà. Bàbá kọjú sí kọ̀ǹpútà, gíláàsì wọn sọ̀ kalẹ̀ sórí imú. Èmi wà lẹ́yìn wọn ní etí àga, fóònù lọ́wọ́. Nínú aṣálẹ̀, mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lórí Ọ̀gá Sítéṣọ̀n. Ta ni yóò rí bàbá ìyàwó kó nàró bí òpó iná? Bọ́tìnì kan wà tí èèyàn máa ń tẹ̀ tó bá fẹ́ sùn mọ́lẹ̀ kí olè má rí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo nà gbalaja.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú iyanrìn, sà."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ náà kí méjèèjì lè bára mu, àmọ́ okùn tó ń gbé iná wọ fóònù mi ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Àyà mi ti ń jó nínú iyanrìn, ojú fóònù ti ń pọ́n, ṣùgbọ́n Bàbá ṣì ń dáhùn.

"O ṣeun, o ṣeun. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Wọ́n ní kí n—"

Mo kú. Bàbá bọ́ gíláàsì, wọ́n yíjú wò mí látòkè délẹ̀. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí," ni wọ́n wí, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé pé òkú ni mí.

Ìgbà kejì, omi ló pa mí. Ike omi kan ló kù fún àwa méjèèjì, Bàbá sì gbé e fún mi. Mo ní ó tì o, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mu. Wọ́n ní àwọn ti mu láàárọ̀. Mo ní mi ò lè fi ẹnu kan omi ṣáájú àgbà, ilé tí wọ́n ti tọ́ mi kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ó dáa, kí n gbé e wá. Mo ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún yín, sà. Níbi tí mo ti ń wá bọ́tìnì tí wọ́n fi ń lo ọwọ́ méjèèjì, òǹgbẹ pa mí, ike omi kíkún lọ́wọ́ mi. Bàbá ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń ṣe géèmù náà, àwọn ò tíì rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà kẹta, èmi kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. Bàbá ń sọ ìtàn ọkọ̀ ojú irin kan tí wọ́n wà nínú òjò fún mi, a sì jókòó sí òjìji àpáta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Mo rí àkeekèé tó yọ lábẹ́ òkúta, tó ń gun ẹsẹ̀ wọn lọ. Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí bíréèkì ò mú. Mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n parí ìtàn ná. Àkeekèé ò dúró de òpin ìtàn. Gbogbo oògùn tí Bàbá ti tọ́jú láti ọjọ́ yìí ni wọ́n fi ra ẹ̀mí wọn padà, síbẹ̀ wọn ò bínú sí mi. Wọ́n ní ọmọ àtàtà ni mí, kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu. Mo délé, mo ń fi ìka ka iye àga tí a máa gbà fún ìgbéyàwó.

Ọjọ́ kejì, àfẹ́sọ́nà mi wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo ti ń rẹ́rìn-ín kó tó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá ní ọmọ àtàtà ni mí," ni mo wí.

"Mo gbọ́. Ìdí tí mi ò fi ní fẹ́ ẹ nìyẹn."

Kílípà fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Oníbàárà wà lórí àga, mo sì ti gé apá kan orí rẹ̀. Ó gbé ojú sí dígí, ó wò wá, ó sì pinnu pé òun ò gbọ́ nǹkan kan.

"Àkeekèé gun ẹsẹ̀ bàbá mi, o ń wò ó," àfẹ́sọ́nà mi ní.

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni! Ṣé kí n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Ó fà àga kan, ó jókòó. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Lọ́dún tó kọjá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá mi nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Àbúrò wọn wà nílé, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn wà nílé, tíṣà tó ń gbé òdìkejì náà wá. Bàbá mi ní kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni, oorun lòun fẹ́ sùn. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nígbà tí mo dé, ṣé o mọ ohun tí mo bá? Wọ́n ti bọ́ bàtà, àgbà ọkùnrin mẹ́ta ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn kiri pálọ̀ kí wọ́n má baà jí wọn. Dókítà ní tí mo bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹ̀yìn pósí ni wọn ì bá ti máa fi ìka ẹsẹ̀ yẹn rìn."

Mo pa kílípà.

"Ta lo rò pé kò jẹ́ kí wọ́n kú nínú aṣálẹ̀ yẹn láti ọjọ́ yìí? Èmi ni mò ń jókòó tì wọ́n. Bàbá, rárá. Bàbá, ẹ yà sọ́tùn-ún. Ilé wọn la máa gbé tí a bá ṣègbéyàwó. Tí mo bá lọ síṣẹ́ òru, ìwọ nìkan lo máa wà pẹ̀lú wọn. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀-ni-sà fún bàbá mi ti pọ̀ tó, mi ò lè fẹ́ ọ̀kan kún wọn."

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé e mì.

"Ọjọ́ Àìkú ni ìgbẹ̀yìn," ó ní. "Kíṣìnì ni màá wà, mi ò ní dá sí i. Tí bàbá mi bá kú sínú aṣálẹ̀ yẹn lójú ẹ, má wulẹ̀ dúró jẹun."

Kí n má fi igbá kan bọ̀kan nínú, ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn débi pé tí ó bá fi mí sílẹ̀, mi ò mọ ẹni tí màá tún jẹ́. Bẹ́ẹ̀, láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọ tó bá lẹ́nu lọ́dọ̀ àgbà kì í rí ìyàwó fẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, a ò tíì rìn jìnnà sí àgọ́ tí mo fi rí ìjì. Ó dìde ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run, ó pọ́n rokoṣo, ó ń bọ̀. Lódìkejì, nǹkan kan ń dán nínú iyanrìn.

"Àpótí nìyẹn," Bàbá ní. "Ṣé o rí i bó ṣe ń dán?"

"Mo rí i, sà. Mo tún rí ìjì, sà."

"A ó ti dé kó tó dé. Tààrà ni."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, kì í ṣe pé mo gbọ́n jù yín lọ." Wọ́n ń lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ bá rò ó wò." Wọ́n ń lọ. Mo ní kí n fi òwe bá wọn sọ ọ́. "Tótó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ ni òwe: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Wàá rí òmíràn pa," Bàbá dáhùn, wọ́n sì lọ.

Ní kíṣìnì, ariwo abọ́ ti dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́.

Mo gbé ojú kúrò lórí fóònù, mo wo ẹ̀yìn orí Bàbá. Irun ti hù bò wọ́n lọ́rùn, ó lọ́ sí apá òsì. Orí lásán nìyẹn, mo ní nínú ara mi. Orí alága, orí ọ̀gá ọlọ́pàá, orí àwọn tó lè bí bàbá mi, gbogbo rẹ̀ ni mo ń tẹ̀ síwájú, tí mo ń yí sọ́tùn-ún yí sósì láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sẹ́ni tó pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Abẹ wà létí wọn. Tí mo bá ń bọ̀wọ̀ fún wọn nígbà yẹn, etí á já. Ohùn ṣọ́ọ̀bù mi sì já jáde lẹ́nu mi kí n tó rí i dì mú.

"Ẹ MÁ MIRA!"

Ọwọ́ Bàbá méjèèjì kúrò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé e lé itan, ọrùn wọn nà gbọnrangandan. Nǹkan kan fọ́ ní kíṣìnì. Mo ju okùn sí Bàbá nídìí nínú aṣálẹ̀, mo fà wọ́n bọ́ lórí ràkúnmí, mo wọ́ wọn gba ẹ̀gbẹ́ òkè, mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì, mo tì wọ́n sínú ihò àpáta. Ọ̀gá Sítéṣọ̀n ti ṣáájú wa débẹ̀. Ràkúnmí ò mọ àgbà. Bí mo ṣe wọlé tán ni ìjì bo gbogbo ibi tí a ti wà mọ́lẹ̀.

Bàbá yí àga wọn padà díẹ̀díẹ̀. "Okùn lo so mọ́ mi nídìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì wọ́ mi nílẹ̀."

"Mo wọ́ yín, sà."

"Dìde. Máa lọ sílé yín."

Ẹsẹ̀ mi ti dìde kí n tó rò ó. Ẹsẹ̀ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Mo rí àfẹ́sọ́nà mi lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi. Mo jókòó padà.

"Rárá, sà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, sà. Ìjì ṣì ń jà. Tí mo bá lọ, ẹ máa jáde."

Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ọmọ wọn ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀. Bàbá wò mí títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí ọmọ wọn.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ọkọ ẹ ń sọ sí mi?"

"Mo gbọ́, Bàbá," ó ní, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́.

"Ìwọ nìkan ni mo ń bẹ̀rù nínú ilé yìí tẹ́lẹ̀," Bàbá ní. "Ẹ ti di méjì."

Wọ́n kùn sínú, wọ́n ti gíláàsì sókè imú, wọ́n kọjú sí kọ̀ǹpútà. Wọn ò yíjú wò mí nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀.

"Ṣé kí n jáde báyìí?"

Mo ní kí wọ́n ṣì dúró. Wọ́n dúró.