Itọ́ Lẹ́nu Fáàfù

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mujeebah ọmọ mi gbé ìwé kan wá bá mi ní Pápá Àjàó, níbi tí mo ti ń ṣe fọganáísà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Nínú ìtàn náà, àwọn kan wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sínú ìràwọ̀. Ó ní ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ lọ kà á fún èrò ní Yaba ní Sátidé.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Tí ẹ bá ní kò dáa, mi ò ní lọ."

Ìwé mẹ́fà ni mo ti dúró. Mi ò sì gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Èèyàn nínú ìràwọ̀, ta ló rí wọn? Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹ̀rù mi. Ní kékeré, tíṣà ní kí n kàwé níwájú kíláàsì. Ohùn ò jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí n tó ṣí i, mo ti pinnu: màá ní kò dáa.

Síbẹ̀, mo kà á. Mò ń fi ìka tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Julius, awakọ̀ tó ń dúró de táyà rẹ̀, ń wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di lọ́yà nìyẹn?"

"Dákẹ́ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ní wọ́n ń jẹ ẹ̀bà lójú òfúrufú."

"Ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Ó fò lọ."

Julius rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Irọ́ lásán ni ìtàn náà lójú mi.

Mo wá dé ibi tí ọkọ̀ wọn ti ń jò. Atẹ́gùn ń tán lọ, wọn ò rí ojú ihò. Ọ̀gá ọkọ̀ ń pariwo. Ni bàbá kan bá yọ láti ẹ̀yìn, ojora ń mú un, ó ń wo ọ̀tún wo òsì kó tó sọ̀rọ̀. Ó gbé etí lé ara ọkọ̀. Ó wá tọ́ ìka lá, ó fi kan fáàfù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Itọ́ hó. "Ẹ má bínú o, ibí ni."

Ọwọ́ mi dúró. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí mo bá fẹ́ atẹ́gùn sí táyà tán, màá fi itọ́ sẹ́nu fáàfù. Tó bá hó, ó ń jò. Mujeebah a máa jókòó sórí táyà àlòkù tó bá ti ilé ìwé dé. Mo rò pé fóònù ló ń tẹ̀.

Nínú ìwé, nígbà tí wọ́n dí ihò náà tán, wọ́n ní kí bàbá náà wá bá èrò ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n kúkú jẹ́ kí òun la ihò yẹn padà. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, omi jáde lójú mi. Julius dìde wá wo ohun tó ṣe mí.

Mujeebah padà wá ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

"Bàbá?"

Kò dáa. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Tí mo bá sọ ọ́, ilé ló máa jókòó sí, kò sẹ́ni tó máa fi í ṣẹ̀sín.

"Mi ò tíì gbà pé èèyàn ń gbé inú ìràwọ̀," mo ní.

"Mo mọ̀, sà."

"Bàbá yẹn, kò nu fáàfù kó tó fi itọ́ sí i. Eruku lè tan èèyàn jẹ. Tún un ṣe kó o tó lọ."

Ó wò mí. "Kí n tó lọ?"

"Kó o tó lọ."

Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Kò gbójú sókè. "Ṣé ẹ máa wá?"

Mo wo títì. Mo wo táyà tó wà nílẹ̀.

"Èrò á pọ̀."

"Wọ́n á pọ̀, Bàbá."

"Ẹ̀yìn ni màá jókòó sí."