Òfin Ìbò Lóko Àáró

Ẹ bá mi wo irú ọkùnrin tí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọkọ tèmi! Bàbá Àpọ́nlé, tó jẹ́ pé kó tó bọ́jú láàárọ̀, ó ti bá rédíò jà. Ọdún ìbò 1983 ni mò ń wí, ní Ìlerò wa níbí, nígbà tó jẹ́ pé Sátidé mọ́ Sátidé ni wọ́n ń dìbò, tí òṣèlú sì ti pín agbo ilé wa sí méjì.

Òun àti àwọn ọkùnrin ilé jọ ń ṣe àáró ni. Lónìí wọ́n á kọ ebè fún ẹnì kan, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á lọ sóko ẹlòmíràn, títí á fi kárí. Oko Ràmọ́nì ni wàhálà ti dé. Ọkọ mi ní ẹgbẹ́ òṣèlú tí Àríyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé náà, ń ṣe fẹ́ jí ìbò. Àríyọ̀ ní ẹgbẹ́ ọkọ mi ò tiẹ̀ ní ìbò tí èèyàn lè jí. Ni wọ́n bá yọ ọkọ́ síra wọn. Bàbá Olúsọjí, tó jẹ́ olórí àáró, fi ìbínú ṣòfin lójú ẹsẹ̀: ẹni tó bá tún dárúkọ ẹgbẹ́ tàbí ìbò lóko, kó gbàgbé ìpín tirẹ̀. Wọn ò ní fi ọkọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀.

Ìpín ta ló sì kù sẹ́yìn? Tiwa ni. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹsẹ̀ dídùn dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, kò lè bá wọn ṣe àáró, oko wa di igbó. Iṣu rírà la ń jẹ látìgbà náà. Ẹni tí ò ṣoko rí ò lè mọ ìtìjú tó wà nínú kí ìyàwó àgbẹ̀ máa ná iṣu lọ́jà. Bí mo bá rí ojúlùmọ̀, ṣe ni mo máa ń fi gèlè bo igbá. Mo kìlọ̀ fún ọkọ mi pé bó bá fi ẹnu ba ọdún yìí náà jẹ́, yóò gbọ́ tèmi.

Ó sì pa ẹnu mọ́. Wọ́n ní bí Àríyọ̀ bá fín in níràn, á gbé itọ́ mì, á máa kọ ebè lọ. Ilé ló ti ń tú gbogbo rẹ̀ jáde, etí mi ló sì ń gbà á.

Ọjọ́ wa pé. Mo gún iyán, iṣu rírà náà ni, mo gbé e lọ sóko. Mo bá gbogbo wọn nínú ìdákẹ́rọ́rọ́. Ẹ̀rù òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lanu, wọ́n sì ń kọ ebè bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ jẹ níyà. Oòrùn ti yẹ àtàrí, oko ò tíì dé ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan péré ni àáró ń fún olóko. Ohun tó bá kù di tirẹ̀. Ta ni yóò kọ èyí tó kù, ṣé ẹlẹ́sẹ̀ dídùn yẹn? Inú bí mi.

Mo ń bu omi fún wọn kiri. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Àríyọ̀, mo gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ọkọ mi, ẹgbẹ́ yín ni mo tẹ̀ka fún o. Ojú sì ti ń tì mí. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká ebè, òun ló fẹ́ ṣèjọba?"

Ọkọ́ dúró lọ́wọ́ wọn. Ojú Bàbá Àpọ́nlé ranko, torí ó ti rò pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni mo tẹ̀ka fún. Ògúndìran, tí òun àti ọkọ mi jọ wà lẹ́gbẹ́, bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí i, mo ní kó yéé rẹ́rìn-ín, ìwà ọ̀lẹ tí mo rí lára ẹgbẹ́ tiwọn ló jẹ́ kí n kúrò lẹ́yìn wọn.

Ó parí. Àríyọ̀ bọ́ ẹ̀wù, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ sápá ọ̀tún. Ògúndìran kó tirẹ̀ sí òsì. Èébú bẹ̀rẹ̀: ti títì tí wọn ò ṣe, ti àpótí ìbò tó sọnù. Bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn ni ebè ń ga sí i. Bàbá Olúsọjí ké òfin òfin títí, nígbà tó yá òun náà gbé ọkọ́, ó ń bú apá òsì. Ọkọ mi nìkan ló yadi, nítorí ìpín rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ tán. Mo jókòó sídìí ebè, mo sunkún ayọ̀.

Ìgbà náà ni Bàbá Olúsọjí nu òógùn ojú, tó rántí òfin rẹ̀.

"Ìyá Àpọ́nlé, ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́. A ti gba ìpín rẹ."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò fún mi ní ìpín rí. Kí lẹ fẹ́ gbà?"

Gbogbo wọn ló mọ oko ẹ̀gúsí mi létí ọ̀nà, èyí tí mo ti ń dá ro láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ.

Ọkọ mi wá lanu, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ẹ fún un ní ìpín tirẹ̀," ló wí. "Bó bá ti ní ohun tó lè pàdánù, á pa ẹnu mọ́ bíi tèmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, gbogbo wọn gbé ọkọ́ wá sóko ẹ̀gúsí mi. Mo gún iyán fún wọn. Mi ò sì pa ẹnu mọ́.