Ìṣubú Tí Mo Kọ́

Àǹtí Peace, agùnbánirọ̀ ilé ìwé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ló kọ́ wa ní ijó jáàsì lọ́dún 2003. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni ìṣubú: wàá ká orúnkún, wàá ju orí sẹ́yìn, wàá sì ṣubú gbalaja láìfi ọwọ́ ti ilẹ̀.

"Sùmáyà, bí òkú ni kó o ṣe ṣubú!" ló máa ń pariwo mọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ̀yìn mi bó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ìyá mi wà lóko iṣu. Oòrùn ń ta, ebè ò tán, inú ń bí mi. Mo bá ká orúnkún, mo ju orí sẹ́yìn, mo ṣubú. Ìsinmi lásán ni mò ń wá.

Ìyá mi ju ọkọ́ nù. Ó gbé èmi ọmọ ọdún mẹ́tàlá pọ̀n, ó sáré wọ ìlú láìwọ bàtà. Mo la ojú díẹ̀. Ojú tì mí, mo tún pa á dé. Iwájú mọ́sáláṣí ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí mo bá jí, òun á máa gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí àìsàn náà má padà wá.

Àìsàn wo? Ọdún mẹ́fà rèé, ẹnu mi yìí mọ gbogbo ọ̀rọ̀ í sọ àyàfi ẹyọ kan yẹn: pé mo díbọ́n ni.

Lónìí Ọjọ́bọ̀, mo bá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí ààwẹ̀ yìí tó gẹ́ẹ́."

Ó wò mí tìfẹ́tìfẹ́.

"Kí n jẹun, kó o tún ṣubú?"