Ẹ Fa Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀

Èmi Wahab, n kì í fi nǹkan falẹ̀. Bí a ṣe jókòó síwájú dókítà báyìí ni mo ti ká apá aṣọ ọmọ mi sókè.

"Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀," mo ní. "Ẹ fa èyí tó bá tó yín. Ìwé ni mo fẹ́."

Ọ̀gá iléèwé wọn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní Shakirat kì í gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ, kì í parí iṣẹ́ kankan, ojú fèrèsé ló máa ń wò. Bí n kò bá mú ìwé dókítà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí n wá mú ọmọ mi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Iléèwé méjì ló ti lé e, kò sì sí òmíràn ní Borokiri tí à ń gbé tí agbára mi ká. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù yẹn ló sì ń bí mi nínú.

Dókítà Motọ́lání kò mú abẹ́rẹ́. Apá ọmọ náà ló ń wò. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Ojú bẹ́líìtì àná ṣì wú níbẹ̀.

"Bàbá Shakirat," ó ní, "àyẹ̀wò tẹ́ ẹ ṣe nílé nìyí? Kí ló sọ fún yín?"

Ojú tì mí gan-an.

Ó ní kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà tó máa sọ pé ọmọdé ní ADHD, ìyẹn ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọkàn ọmọ dúró sójú kan. Àwọn onímọ̀ ń wá àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, nínú itọ́, nínú ọpọlọ. Wọn ò tí ì rí èyí tí dókítà lè gbára lé. "Ìbéèrè la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin àti tíṣà rẹ̀ lẹ máa dáhùn. Lónìí, mo lè kọ̀wé sí iléèwé pé a ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, kí wọ́n má lé e. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ."

Ìbéèrè kẹ̀!

"Ṣé ó máa ń dáhùn kí wọ́n tó—"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ṣé ó máa ń sọ nǹkan nù ní—"

"Ojoojúmọ́!"

"Ṣé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó má parí ẹ̀?"

Shakirat rẹ́rìn-ín. "Na Daddy get that one. Five gate dey him shop, e never finish any one."

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Géètì márààrún wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, àmọ́ dókítà ti ń wo ẹsẹ̀ mi tí kì í dúró sójú kan lábẹ́ tábìlì.

"Nínú ẹbí yín," ó béèrè, "ta ló ṣe báyìí rí ní kékeré?"

Ìyá ọmọ náà ti bi mí rí. Mo búra fún un pé kò sí irú ẹ̀ nílé wa. Mo lanu láti tún un sọ. Mo rántí kíláàsì kẹrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, tíṣà tó ń nà mí lórí ìka, àti ọjọ́ tí mo ju báàgì mi sígbó tí n kò padà síléèwé mọ́.

"Èmi ni," mo ní.

Shakirat yíjú sí mi. "Them dey flog you too?"

"Well well."

"E work?"

Dókítà gbé bíírò dúró. Èmi tí mo máa ń dáhùn kí wọ́n tó bi mí tán, mo wo apá ọmọ mi títí.

"E no work," mo ní.

Mo fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Dókítà kọ ìyẹn náà, pé ẹgba kì í ṣiṣẹ́, sínú ìwé tí a máa mú lọ fún ọ̀gá iléèwé.